Ọdún Méje Lẹ́yìn Gílóòbù Apá Òsì

Ó pé ọdún méje lónìí tí a gbé bàtà rẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá àwọn ọmọ mi. Ọdún méje! Bàtà náà ti bá ẹlòmíì lẹ́sẹ̀ mu, onítọ̀hún ti wọ̀ ọ́ gbó, ó ti jù ú nù. Ìwọ ṣì wà níbi tí a tẹ́ ọ sí.

Ogójì ọdún ó lé mẹ́ta ni mo fi pè ọ́ ní "ẹ̀yin". Ẹ káàbọ̀. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má bínú. Lónìí, "ìwọ" ni mo máa pè ọ́, torí pé òkú kì í dìde bá èèyàn jà, àti torí pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò gba ìkúnlẹ̀.

Àbíkẹ́yìn rẹ obìnrin, èyí tó ń kọ́ àwọn ọmọdé níwèé, ti kọ ìrántí kan tó dùn bí oyin. Ó pè ọ́ ní òpó ilé. Ó pè ọ́ ní ìmọ́lẹ̀ ẹbí. Ìmọ́lẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú mi. Ó to orúkọ àwọn ọmọ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà, mo kà á, méjì ni. Mo yí ìwé náà padà, bóyá ìkẹta wà lẹ́yìn. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí fún ọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin ńkọ́?" Ó ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Màmá, àbúrò Bàbá ló ní kí n yọ ọ́. Wọ́n ní ẹni tó pa bàbá ẹ̀ kì í kọ orúkọ sí ìwé ìrántí bàbá."

Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi nu tábìlì. Èyí tí ẹ̀yin tí ẹ wá síbi ìrántí ń gbọ́ yìí ni mo kọ rọ́pò rẹ̀. Ọmọ rẹ ọkùnrin kọ́ ló pa ọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn, kò sí òmíràn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ṣe ìrántí, wọ́n máa ń ròyìn ilé fún òkú, jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé.

Ilé rẹ ti parí! O fi òkè sílẹ̀ láìní òrùlé, ẹyẹ ń yé ẹyin sí yàrá tí o ní yóò jẹ́ ti àlejò. Àkọ́bí rẹ obìnrin àti ọkọ rẹ̀ kan òrùlé, wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n kùn ún. Funfun ni wọ́n kùn ún, kì í ṣe àwọ̀ ewé tí o fi ọdún méjìlá pariwo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tiẹ̀ rántí béèrè. O ti ní ọmọ-ọmọ mẹ́rin. Ìkẹta jọ ọ́ létí, a máa ń fi fìlà bò ó.

Ibi tí o máa ń gbé ọkọ̀ rẹ sí, mo gbin ata síbẹ̀. Ọ́ìlì ọkọ̀ rẹ ti ba ilẹ̀ náà jẹ́. Ọdún kìíní, ata kọ̀. Ọdún kejì, ata kọ̀. Ọdún kẹta ni ilẹ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbé rẹ, ata so.

Yàrá ọmọ rẹ ọkùnrin nìkan ló wà ní títì. Àbúrò rẹ, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Ẹjọ́, ti fi okùn wọn fèrèsé rẹ̀ nítorí kọ́tìnnì. Ó ní oṣù tó ń bọ̀ lòun máa kó wọbẹ̀. Ó ní yàrá kì í ṣófo nítorí apani.

Ọmọ náà ńkọ́? Iṣẹ́ rewáyà ló kọ́, o mọ̀, iṣẹ́ àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Ó mọ iná ọkọ̀ bí mo ti mọ ìkòkò mi. Bí ọkọ̀ bá ń kọjá lójú títì, á ní, "Màmá, iná iwájú ìyẹn ti fẹ́ jó," kí ọkọ̀ náà tó kọ ẹ̀yìn sí wa. Lónìí, ìsọ̀ rẹ̀ wà ní títì pa. Ó ti ta àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí ló ti ń ru àpò ní ìlú mìíràn, òun tí ọwọ́ rẹ̀ já fáfá bí ti aránṣọ. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́, kì í wọ ọkọ̀. Ó ti bí ọmọbìnrin kan tó pé ọmọ ọdún márùn-ún. Mi ò tíì gbé e rí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́.

Ọkọ̀ rẹ, òun lo fi ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ lọ síbi iṣẹ́ wọn láàárọ̀. Láràárọ̀ kí o tó jáde, o máa ń yẹ iná rẹ̀ wò. Ìyẹn dára, mi ò bá ọ jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sídìí ọkọ̀ kò lè rí ẹ̀yìn ọkọ̀ ara rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò dúró lẹ́yìn. Èmi ni ẹni náà. Ogójì ọdún! O ó tan iná iwájú, èmi á ní, "Méjèèjì!" O ó tan tíráfíkétọ̀, èmi á ní, "Ó ń ṣẹ́jú!" O ó wá tẹ fèrè lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ rẹ wà lórí bíréèkì, èmi á ní, "Ó tàn!" O ó sì lọ láìdágbére.

Bí mo bá ní "Kò tàn," ogun dé nìyẹn. O ó bọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé èmi ni mo fẹnu fẹ́ ẹ pa.

Ọjọ́ kan wà tí òjò ń rọ̀, àwọn èrò mẹ́rin ti jókòó sínú ọkọ̀. O tẹ fèrè. Mo ní kò tàn. O tún tẹ̀ ẹ́. Mo ní kò tàn. O yọ orí síta, o ní, "Obìnrin yìí, ṣé ojú ẹja inú yìnyín lo fi ń wò ó ni?" Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Bíríkìlà kan wà nínú wọn tí kò ní ju eyín iwájú kan lọ, òun ló rín in jù, ó fi orí gbá gíláàsì. O ní kí n dúró síbẹ̀ títí ìwọ yóò fi rí ohun tó ń ṣe é. Mo dúró. Òjò náà wọ̀ mí dé mùdùnmúdùn. Nígbà tí o máa tú u wò, gílóòbù ló ti jó. Kò tàn lóòótọ́! O wò mí, o ní, "Ó dáa, lọ pààrọ̀ aṣọ."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbọ́n. Bí o bá ti tẹ fèrè, "Ó tàn!" ni. Mo wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó tàn. Mo wà nídìí ààrò, ó tàn. Ibà dá mi dùbúlẹ̀, mo bo aṣọ mọ́rí, ó tàn! Atúnbàtà òdìkejì ọ̀nà máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá, ojú yín mà gùn o! Ó ń gba inú ògiri kọjá!" Ìwọ ò bojú wẹ̀yìn wò mí rí, báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀? Bí ọlọ́pàá ojú pópó bá dá ọ dúró pé iná ẹ̀yìn rẹ kú, wàá ní ọ̀nà ló ti kú, torí ìyàwó rẹ wò ó kí o tó jáde. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ìwọ ni oníbàárà mi. Mo ń tà, ò ń rà.

Ọmọ yẹn nìkan ni kò mọ irọ́ tà fún ọ. Oṣù kan wà tí gílóòbù iná iwájú mẹ́ta jó mọ́ ọ lọ́wọ́. O lọ bá ẹni tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ jà, o pè é lólè níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ọmọ ní, "Bàbá, ẹ má fọwọ́ kan dígí rẹ̀ mọ́. Ọ̀rá ọwọ́ yín ló ń jó o. Aṣọ mímọ́ ni kí ẹ máa fi mú un." O ní, "Mo ti ń wakọ̀ kí ìyá ẹ tó mọ̀ pé òun máa bí ẹ." Lójú rẹ̀ báyìí lo fi àtàǹpàkò nu gílóòbù ìkẹrin, rọra, rọra, bí ẹni ń nu imú ọmọ. Ọjọ́ kẹsàn-án, ó jó. O tún wọ bàtà, o tún lọ bá ọlọ́jà jà!

Ọdún tó ṣáájú ikú rẹ, o fi ẹ̀yìn ọkọ̀ gbá òpó géètì, iná apá ọ̀tún fọ́. O fi náílọ̀nù pupa dí ojú rẹ̀, kò sí gílóòbù kankan nínú rẹ̀. Ilé tí kò lólùgbé, o ta kọ́tìnnì sí i! Apá òsì nìkan ló kù tó ń sọ fún ayé pé o fẹ́ dúró.

Ọjọ́ tó ku ọ̀la kí o kú, apá òsì náà jó. Ọmọ gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wá. Èmi ni mo bá a mú súkúrù dání. Ó yọ èyí tó jó, ó fi tuntun hàn mí kó tó fi sí i. Wáyà tín-ín-rín méjì ló wà nínú irú gílóòbù bẹ́ẹ̀, ọ̀kan fún iná tó máa ń tàn lẹ́yìn ọkọ̀ nígbà gbogbo, ọ̀kan fún bíréèkì. Ó fi sí i, ó tàn. Lọ́jọ́ yẹn, mo wò ó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ń mirí. Ó ní, "Bàbá, ilé gílóòbù yìí ti dógùn-ún. Gílóòbù tuntun nínú ilé tó ti jẹra, kò ní pẹ́ tí wọn ò fi ní kan ara wọn mọ́, gbogbo ẹ̀ máa kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sísọ̀ lọ́la, kí n pààrọ̀ ilé rẹ̀, kí n sì tún apá ọ̀tún ṣe. Mo bẹ̀ yín, ẹ má wà á jáde ní kùtùkùtù."

O ní, "Ìwọ àti iná ẹ. Ṣé iná ló ń wakọ̀ ni?"

O lé e lọ. Kò tíì dé ìkóríta tí iná náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Mo wà lójú fèrèsé, mo rí ọ. O tú ìdérí rẹ̀. O ya bébà dídán inú páálí sìgá rẹ, o ká a, o fi há ìdí gílóòbù náà kó lè le. O fi ọwọ́ lù ú lẹ́ẹ̀mejì. O wọlé, o béèrè oúnjẹ.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, kùrukùru bolẹ̀ débi pé mi ò rí ṣọ́ọ̀bù atúnbàtà. O tẹ fèrè. Mo ń ṣan ife. Mo ní, "Ó tàn!"

Mi ò gbójú sókè. Bó tàn o, bí kò tàn o, mi ò mọ̀ dòní, torí mi ò wò ó. O lọ láìdágbére.

Ní ìsàlẹ̀ afárá, obìnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi já sójú ọ̀nà. O tẹ bíréèkì. Obìnrin náà là, omi rẹ̀ gan-an kò dànù. Èrò kankan kò tíì sí nínú ọkọ̀. Típà yanrìn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ kò mọ̀ pé o dúró, ó kọ lù ọ́ látẹ̀yìn. Mo rí awakọ̀ rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọkùnrin gìrìwò, ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń sọ: "Mi ò rí iná kankan. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò rí iná kankan."

Ọjọ́ tí a sin ọ́, Màmá Ẹjọ́ dìde láàárín èrò. Ọmú kan náà lẹ̀yin méjèèjì jọ mu, ẹnu yín kò mọ ìsinmi. Ó na ìka sí ọmọ mi. "Ta ló fọwọ́ kan gílóòbù yẹn kẹ́yìn? Rewáyà, dá mi lóhùn! Gílóòbù oníwáyà kan lo fi sí i. O ò mọṣẹ́! O pa ẹ̀gbọ́n mi!"  Èmi ni ọmọ náà wò. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ bá mi mú súkúrù. Ẹ ò wò ó láàárọ̀ kí wọ́n tó jáde ni?"

Gbogbo ojú yí sí mi.

Mo ní, "Mo wò ó, ó tàn. Bóyá gílóòbù náà ni kò dáa."

Bóyá! Ọ̀rọ̀ kan péré, mo fi sin ọmọ láàyè lọ́jọ́ tí mo sin bàbá rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó jókòó sórí erùpẹ̀ tí wọ́n kó jáde nínú ibojì rẹ. Kò sẹ́ni tó fà á dìde.

Ọjọ́ kẹta, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sẹ́yìn àgọ́ ọlọ́pàá níbi tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà sí. Mo fẹ́ mọ̀. Apá ọ̀tún ti wọnú pátápátá, ṣùgbọ́n ìdí iná apá òsì kò fọ́ tán. Mo tẹ gílóòbù náà wọlé díẹ̀, mo yí i bí mo ti rí i tí ọmọ ṣe é, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Dígí rẹ̀ mọ́ kedere. Wáyà rẹ̀ pé méjì, ìkankan kò já. Bébà sìgá rẹ tẹ̀ lé e jáde, ó ti jó, ó ti ya, ìpẹta pupa lẹ̀ mọ́ ọn.

Mo gbé gílóòbù náà lọ bá ọkùnrin tó ń fi iná sí bátìrì ọkọ̀. Ó fi wáyà kàn án. Ó tàn. Ó fi kan ojú kejì. Ó tàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní, "Ìyá, ojúlówó gílóòbù nìyí o. Ṣé ẹ fẹ́ tà á ni?"

Mo dé ilé, mo fi aṣọ wé e, mo tì í bọ ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ mi. Ọdún méje! Ọmọ ti ìsọ̀ pa, ẹ̀rí wà lábẹ́ ìró mi. Ọmọ kó kúrò nílùú, ẹ̀rí wà lábẹ́ ìró mi.

Kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀? Ẹ má sọ pé ojú ló ń tì mí. Ojú kò tì mí tó bẹ́ẹ̀. Àánú ni wọ́n ń gbé wá bá mi lọ́tùn-ún lósì. Opó rere! Ìyàwó tó ń dúró lẹ́yìn ọkọ̀ fún ọkọ rẹ̀ láràárọ̀! Wọ́n ń gbé ìjókòó fún mi níbi tí wọn kì í ti í kí mi tẹ́lẹ̀. Àkọ́bí rẹ ń fi omi gbígbóná fọ ẹsẹ̀ fún mi. Mo ti dúró nínú òjò fún ogójì ọdún, ó dùn mọ́ mi láti jókòó. Ọmọ mi ni mo fi ṣe tìmùtìmù.

Lọ́dún tó kọjá, irú òní, ó wá. Ó mú ọmọbìnrin rẹ̀ dání, ó fi ìró àti bùbá tuntun wọ̀ ọ́. Màmá Ẹjọ́ pàdé wọn ní géètì. Ó ní, "Apani, kí lo gbàgbé síbí?" Mo wà lójú fèrèsé òkè. Ọmọ kékeré náà gbójú sókè, ó ní, "Bàbá mi, ta ni wọ́n ń pè ní apani?" Bàbá rẹ̀ ní, "Ẹnìkan tó ti gbé ibí rí ni." Wọ́n yí padà.

Mo fa kọ́tìnnì.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí, ẹ ti gbọ́. Ìwọ tí o dùbúlẹ̀ síbẹ̀, gbọ́ tìẹ náà. Ìwọ fi bébà sìgá rọ́pò ilé gílóòbù. Èmi fi ẹnu rọ́pò ojú. Ẹnìkan ṣoṣo ló sọ òótọ́ nínú ilé yìí, òun la lé jáde. Mi ò bẹ̀ ọ́, torí ìwọ lo kọ́ mi nírọ́ náà. Ìwọ náà má bẹ̀ mí, torí mo mọ̀ ọ́n pa ju bí o ti kọ́ mi lọ.

Màmá Ẹjọ́, o wà lọ́wọ́ òsì mi bí wọ́n ti ń ka èyí. Ká kọ́tìnnì rẹ, fi rán ìró. Yàrá yẹn ní onílé. Bí o bá fẹ́ na ìka sí ẹnìkan lónìí, èmi rèé, mi ò sá.

Mo ti ránṣẹ́ sí ọmọ náà pé kó wá. Mi ò sọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún un. Níwájú èrò ni mo ti bà á jẹ́, kò tọ́ kí n wá fi kọ̀rọ̀ tún un ṣe. Yóò gbọ́ ọ pẹ̀lú gbogbo yín. Gílóòbù náà wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, pẹ̀lú bébà sìgá. Bó bá bú mi, kí ẹnikẹ́ni má pa á lẹ́nu mọ́. Bó bá dìde, tó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, tó ń lọ, ẹ ṣí géètì fún un.

Àárò rẹ ń sọ mí, ọkọ mi. Irọ́ kọ́ ni mo pa báyìí. Ibùsùn tóbi jù, kò sì sẹ́ni tí mo lè bá jà tí yóò dùn. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, pẹ̀lú gbogbo ìkà rẹ àti gbogbo tèmi. Àwọn ọmọ nífẹ̀ẹ́ rẹ, èyí tí o lé lọ ló nífẹ̀ẹ́ rẹ jù, torí òun nìkan ló sọ fún ọ pé kí o má lọ. A ò gbàgbé rẹ, a ò ní gbàgbé rẹ.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ka èyí tán, tí ọmọ náà bá ń jáde lọ, mi ò ní jókòó ti àwòrán rẹ. Òun ni mo máa tẹ̀ lé, títí dé ibi tí ẹsẹ̀ mi bá lè gbé mi dé, bó bá yíjú wò mí o, bí kò bá yíjú o.